Apá Ọ̀tún Ruqoyah

"Ẹ tẹ ibí yìí wò, Mọ́mì."

Ruqoyah na apá ọ̀tún rẹ̀ lé orí tábìlì mi ní àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Ṣàngó. Ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Mo fi ìka tẹ ibi tó júwe, níhà inú, lókè ìgúnpá díẹ̀. Nǹkan kan sá lábẹ́ awọ. Ó le, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, bí igi ìṣáná tí ẹnìkan fi pamọ́ sínú ẹran ara.

"Kí nìyí?"

"Ohun tí mo wá bi yín náà nìyẹn."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ike ló ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà lẹ́yìn Toll Gate. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tó ti wà nílé Rauf Láwàlì, ọmọkùnrin tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Ilo-Awela, wọn kò sì tíì gbọ́ igbe ọmọ. Ìyá ọkọ rẹ̀, Àlàájà Àdìzát, ló ní kí wọ́n lọ ṣe híjámà fún un, kí wọ́n fi ife fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ dúdú ló ń dí ọ̀nà ọmọ. Obìnrin onífe náà ń fi òróró pa á lápá kó tó bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ bá kan nǹkan yìí. Ó figbe ta. Ó rò pé àwọn ayé ló fi í síbẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ya fọ́tò inú ara, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ayé kọ́. Ó ní ìmpláǹtì ni, èyí tí àwọn obìnrin máa ń fi sápá kí wọ́n má baà lóyún, ọdún mẹ́ta gbáko ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

"Látọjọ́ náà, Mọ́mì, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Wọ́n ní èmi ni mo lọ dínà ọmọ wọn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n máa pe ẹbí jọ ní Itele. Rauf ní bí mi ò bá jẹ́wọ́ níbẹ̀, òun máa kọ̀ mí."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o lọ fi í?"

Ó gbójú sókè. "Bí mo bá lọ fi í, kí n má délé."

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ méjì ló kù.

Kí n tó ṣí fáìlì kankan, mo máa ń gbàdúrà kékeré kan sínú. Mo gbà á: Olúwa, ìwọ tó mọ ohun tó wà nínú ìyá kí ìyá fúnra rẹ̀ tó mọ̀, má jẹ́ kí n wo ohun tó wà níwájú mi kí n má rí i. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń kì mí láàárọ̀ pé, "Kàfáyá ọmọ Ògúnlàdé, ọmọ a-rí-ipa-ejò-lórí-àpáta." Mo ti jẹ Inspẹ́kítọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Mo ti rí ipa ejò lórí àpáta rí. Ṣùgbọ́n ejò tó gun inú apá ènìyàn lọ láìjẹ́ kí ẹni náà mọ̀, n kò rírú ẹ̀ rí.

"Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ rí?"

"Rárá."

"O ti sùn sílé ìwòsàn rí?"

Ó ronú. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Táífọ́ọ̀dù. Ó ti tó ọdún méjì, oṣù kẹfà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ dókítà kan nítòsí Toll Gate. Mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé mo ti mú ejò náà nírù.

*

Ibùdó ìlera ìjọba ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí Rauf ti lọ síbẹ̀ ṣáájú mi, ó sì ní wọ́n fi káàdì kan han òun.

Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ń jẹ́ Olúkẹ́mi Adérógbà. Ó gbóná lẹ́nu, ó mọ́ tónítóní, àgbélébùú kékeré wà lọ́rùn rẹ̀. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lẹ bébà ńlá kan mọ́ ibẹ̀: Ètò Ìdílé Ìrọ̀rùn. Ọmọ Tí A Lè Tọ́ Ni Ká Bí. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi bírò ya àpótí méjìlá, oṣù kọ̀ọ̀kan àti iye obìnrin tí wọ́n rí. Ọgọ́rin ni wọ́n kọ sókè àpótí kọ̀ọ̀kan.

"Ọgọ́rin kí ni?" mo bi í.

"Ọgọ́rin obìnrin lóṣù, Mà. Ìjọba ló bu iye yẹn fún wa. Ibùdó tí kò bá pé e, wọn ò ní fún un lóògùn, wọn ò sì ní fi nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù, tiwa máa ń pé."

Ó mú káàdì wá. Orúkọ Ruqoyah ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà ọdún méjì sẹ́yìn. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹnìkan buwọ́ lùwé pé òun gbà. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Ruqoyah lórí fóònù.

Èsì rẹ̀ dé kíá. "Ìbuwọ́lùwé mi ni, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n mi ò buwọ́ lu ìwé yẹn."

Ẹ wò ó. Ìwọ lo kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo kọ ọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí i.

"Nọ́ọ̀sì, báwo lẹ ṣe ń mọ apá tí ẹ máa fi nǹkan yìí sí?"

"A máa ń béèrè ni. Ọwọ́ wo lo fi ń ṣiṣẹ́? Bó bá ní ọ̀tún, a ó fi sí òsì, kó má jẹ́ pé apá tó nílò ló máa máa dùn ún. Ẹ wo káàdì. Apá òsì ni wọ́n kọ."

"Apá ọ̀tún ló wà."

Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. "Hẹ̀n-ẹ́n. A jẹ́ pé ó ti lọ fi òmíràn síbòmíràn nìyẹn. Ẹ yẹ òsì wò, ẹ ó bá tiwa níbẹ̀."

Mo pe Ruqoyah padà pé kó tẹ apá òsì rẹ̀ wò dáadáa. Ó tẹ̀ ẹ́ títí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo jáde nínú ibùdó náà bí ẹni tí wọ́n da omi sí létí. Káàdì sọ pé òsì, ara sọ pé ọ̀tún. Obìnrin sọ pé òun kò lọ, ìwé sọ pé ó wá. Èwo ni kí n gbàgbọ́? Ìwé kì í purọ́ fúnra rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ló ń purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ọ́?

*

Ní Ilo-Awela, Rauf ń gé alumíníọ̀mù, kò pa ẹ̀rọ nígbà tí mo kí i. Èmi ni mo yọ wáyà rẹ̀ lára iná.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ má bínú. Kí ni ẹ tún fẹ́ kí n sọ? Ẹ ti rí ìwé. Ṣé ẹlòmíràn ló ní ọwọ́ yẹn?"

"O fẹ́ràn rẹ̀?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Oṣooṣù ni mo ń ra oyin àti háńdù, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, lọ́dọ̀ àwọn aáfà. Oṣooṣù ló ń mu ún níwájú mi, tó ń ṣe àmín. Tó jẹ́ pé ó mọ ohun tó wà lápá rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀sín ló ń fi mí ṣe."

Ìyá rẹ̀, Àlàájà Àdìzát, jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dúró kí n bi òun.

"Ohun tó dùn mí nìyí, ìyá ọlọ́pàá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mo pè é. Látìgbà tó ti wọlé mi, kò fi ọwọ́ òsì fún mi ní nǹkan rí, kò fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ mi rí. Mo máa ń fi í yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi ní mọ́sáláṣí. Àṣé ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí mi ló ti di ilé ọmọ mi pa."

"Àlàájà, ẹ̀yin ò fún un ní àgbo kankan tó mú un sùn rí?"

"Háà! Èmi? Èmi tí mo fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n kí n tó kú? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Ó tọ́. Ta ní ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi sí iná tó ń yá?

*

Dókítà Toll Gate ló kù. Fàlílù lorúkọ rẹ̀, àgbàlagbà tó ń rìn tìkọ̀tìkọ̀, ilé ìwòsàn rẹ̀ kò ju yàrá mẹ́rin lọ. Mo fi ojú ọ̀daràn wò ó, mo bi í ní tààràtà.

"Kí lẹ fi sí Ruqoyah lápá nígbà tó sùn sọ́dọ̀ yín?"

"Díríìpù," ló dáhùn. "Kí ni kí n tún fi sí i? Mi ò sí nínú ètò ìjọba kankan. Mi ò tilẹ̀ ní nǹkan yẹn nílé ìwòsàn mi." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo rántí ọmọ náà nítorí ìjà tó bá nọ́ọ̀sì mi jà. Ara rẹ̀ gbóná kọjá ààlà, síbẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ díríìpù gún òun lápá òsì. Ó ń sunkún pé ọ̀tún ni kí wọ́n lò. Àwọn ènìyàn yòókù, ọ̀tún ni wọ́n máa ń bẹ̀ wá pé ká fi sílẹ̀ fún wọn."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo gun afárá tí wọ́n fi ń dá ọ̀nà márosẹ̀ kọjá. Nísàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ Abẹ́òkúta ń fọn fèrè, àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ń sáré tẹ̀lé wọn. Mo dé àárín afárá, ẹsẹ̀ mi bá dúró.

Ẹni tí ibà ń pa kì í ronú ohun tí ayé máa sọ. Ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí ara Ruqoyah fi ń gba apá òsì sílẹ̀?

Obìnrin kan tó gbé búrẹ́dì lórí kọlù mí lẹ́yìn. "Màdáàmù, ṣé ẹ ti sùn ni?"

"Ọlọ́run bùkún ọ," mo wí fún un. Mo ti rí ipa ejò náà.

*

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo gbé ọsàn kan àti ọ̀bẹ síwájú Ruqoyah.

"Ọwọ́ wo lo fi ń ṣiṣẹ́?"

"Ọ̀tún, Mọ́mì." Kò tilẹ̀ ronú. Ó yára sọ ọ́ bí ẹni tó ń dáhùn ìkíni.

"Bó ọsàn yẹn fún mi."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀bẹ. Ó bó o, ṣùgbọ́n ó ń bó o bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kọ̀wé. Ẹran ọsàn ń tẹ̀lé èèpo. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ruqoyah. Èmi kì í ṣe ìyá ọkọ rẹ."

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá mi máa ń fi ata pa ọwọ́ òsì mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin tó máa fi òsì bu oúnjẹ fún ọkọ? Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀tún. Mo fi ń jẹun, mo fi ń kọ̀wé, mo fi ń kí ènìyàn. Rauf gan-an ò mọ̀."

"Ibo lo ti ń tú òsì sílẹ̀?"

"Ibi iṣẹ́ nìkan. Ẹ̀rọ Kẹta. Bí abọ́ bá ti jáde, ike tó ṣẹ́kù máa ń yọ létí rẹ̀, àwa la máa fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Abọ́ ń yára bọ̀ lórí bẹ́líìtì. Bí mo bá lo ọ̀tún, iṣẹ́ máa gorí ara wọn. Àwa mẹ́rin la jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́líìtì ni wọ́n kó wa sí, kí ìgúnpá wa má baà máa gbá ti àwọn yòókù."

Mo dìde, mo ń rìn nínú yàrá, mo ń to ọ̀rọ̀ náà lé ara wọn. Nọ́ọ̀sì sọ pé àwọn máa ń béèrè ọwọ́. Bí wọ́n bá bi Ruqoyah, kí ni yóò sọ? Ọ̀tún. Ohun tó ti ń sọ látìgbà ata ìyá rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì sọ pé ọ̀tún, apá òsì ni wọn ì bá fi í sí. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ló wà. A jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi í. Ẹni tó fi í síbẹ̀ kò nílò láti béèrè, nítorí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí ọlọ́wọ́ òsì lábẹ́ ọ̀run.

"Ruqoyah, ṣé wọ́n ti gún yín lábẹ́rẹ́ kankan níbi iṣẹ́?"

"Tẹ́tánọ́ọ̀sì nìkan ni. Nítorí ọ̀bẹ." Ó nu ojú. "Gbogbo wa ni. Ọjọ́ tí wọ́n sọ wá di sítáàfù. Ọkọ̀ kó wa lọ síbùdó ìlera kan tí mi ò mọ̀, ọkọ̀ kó wa padà."

"Abẹ́rẹ́ mélòó?"

"Méjì. Èkínní ta mí gan-an, ara mi wá kú níbẹ̀. Èkejì, mi ò mọ ìgbà tó wọlé, wọ́n ní kí n kọjú sí ògiri. Wọ́n wá fi báńdéèjì wé e. Wọ́n ní ká má tú u fún ọjọ́ mẹ́ta."

"O buwọ́ lùwé?"

"Ìwé pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Mọ́mì. Ìwé iṣẹ́, ìwé ìlera, ìwé àìmọye. Wọ́n ní ẹni tó bá ń kà á ni kò fẹ́ iṣẹ́." Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ara pa.

*

"Madam, who you wan see?" ni ọkùnrin ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ náà bi mí. Mo fi káàdì ọlọ́pàá hàn án. Ó ṣí géètì.

Ẹ̀rọ Kẹta ń pariwo bí òjò lórí páànù. Obìnrin mọ́kànlélógún ló dúró tì í, mẹ́tàdínlógún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mẹ́rin ní òdìkejì pẹ̀lú Ruqoyah tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo wo ikùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí aboyún kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló fi òrùka sọ́wọ́.

Mo pe ọ̀kan lára àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún sẹ́yìn àpò ike. Treasure lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ Ruqoyah ni. Ìjọ kan lójú ọ̀nà Itele ló ń lọ.

"Ọdún mélòó lo ti wà nílé ọkọ?"

"Mẹ́ta, Mà. Ọlọ́run máa ṣe é. Mo ti gun òkè àdúrà, mo ti gba ààwẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Pásítọ̀ ní ìyá bàbá mi ló so ilé ọmọ mi mọ́ ìdí igi. Mi ò kí màmá yẹn mọ́ látìgbà náà."

"Ṣé o sọ ọ́ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́?"

"Ó dáa! Kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Mo ní kó na apá òsì. Mo tẹ̀ ẹ́. Igi ìṣáná náà sá lábẹ́ ìka mi.

Ẹ gbọ́ mi. Obìnrin mọ́kànlélógún ń dúró ti ara wọn lójoojúmọ́, ìgúnpá ń kan ìgúnpá. Ọ̀kan ń mu háńdù, ọ̀kan ń gun òkè, òmíràn ń bú ìyá bàbá rẹ̀. Ìrora kan náà ni, kálukú sì ń fi tirẹ̀ pamọ́ fún ẹnìkejì. Ìtìjú ló bá ẹni tó ṣe wọ́n níbi ṣọ́nà.

Ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Adérẹ̀mí, fún mi ní àga àti omi tútù. Mo ti múra fún irọ́. Kò pa irọ́ kankan. Ohun tó dà mí lọ́kàn rú jù nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ètò ìjọba ni. Lẹ́tà wọn nìyí, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀." Ó fà á yọ. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀ lóòótọ́. "Wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní obìnrin púpọ̀ ran àwọn lọ́wọ́. Ibùdó ìlera nílò iye, àwa nílò òṣìṣẹ́ tí kò ní máa lọ ìsinmi ọmọ bíbí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò burú fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ta á pé, á kúrò."

"Ẹ sọ fún wọn?"

"Wọ́n buwọ́ lùwé, Mà."

"Èmi kò béèrè ìyẹn. Mo ní, ṣé ẹ sọ fún wọn?"

Ó wo fèrèsé. "Nọ́ọ̀sì ló yẹ kó sọ. Ti ìlera nìyẹn."

Mo béèrè orúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ lọ́jọ́ náà. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ láìjanpata. Orúkọ mọ́kànlélógún. Wọ́n fi bírò pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mẹ́rin, ti Ruqoyah wà lára wọn.

"Kí ni pupa yìí?"

"Àwọn ọlọ́wọ́ òsì. A kọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kó má lọ fi báńdéèjì dí apá tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró lọ́jọ́ kejì, Mà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣe àánú. Ó tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ohun tó wà nínú wọn ni kò ronú kàn.

*

Nọ́ọ̀sì Olúkẹ́mi kò jiyàn nígbà tí mo tẹ́ orúkọ náà síwájú rẹ̀. Ó jókòó wọ̀ọ̀.

"Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ náà, káàdì òfìfo ni wọ́n buwọ́ lù. Lẹ́yìn oṣù kan ni ìjọba ní ká mú káàdì wá. A kọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òsì, òsì, òsì. Ó ti rẹ̀ mí." Ó mú àgbélébùú ọrùn rẹ̀. "Ilé-iṣẹ́ ní àwọn ọ̀gá ti là á yé àwọn obìnrin náà. Mo fẹ́ gbà pé òótọ́ ni, Mà, nítorí ọgọ́rin gbọ́dọ̀ pé."

Mo gbé fáìlì lọ bá ọ̀gá mi, Dí-Pí-Ó Ọláṣùpọ̀. Ó ka fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta lo fẹ́ mú, Kàfáyá?"

"N kò mọ̀, Sà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ní ìjọba. Mo mọ ẹni tó ṣe é, n kò mọ ibi tí ẹ̀bi náà parí sí."

"Pe àwọn méjèèjì wá kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ti ìjọba..." Ó pa fáìlì dé. "Gbàdúrà sí i."

*

Mo ti sọ fún Ruqoyah pé ìwé nìkan kò ní tó ní Itele. Ẹbí yóò sọ pé ọlọ́pàá ló kọ ọ́. Àfi bí wọ́n bá rí ọwọ́ náà. Mo sì sọ fún un pé ìtìjú ni yóò ná an.

Lẹ́yìn Àsárì, pálọ̀ kún. Bàbá Akíndé, ẹ̀gbọ́n bàbá Rauf, ló jókòó sáàárín. Ruqoyah kúnlẹ̀ sórí ẹní, Treasure jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo gbé abọ́ ike mẹ́fà tí wọn kò tíì ha etí rẹ̀ kalẹ̀, mo fi ọ̀bẹ sí i.

"Kí lèyí?" ni Bàbá Akíndé bi mí. "Ẹjọ́ la pè, a kò pe ọjà."

"Ẹ fún ọmọ yín láyè, Bàbá."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sún mọ́ ọ̀bẹ, ó dúró.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi," ló wí. Ó sì fi ọwọ́ òsì mú ọ̀bẹ.

Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán kí Àlàájà tó parí "Asitagafúrúlàhi." Ọwọ́ náà ń fò bí ẹyẹ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àgò fún. Rauf la ẹnu sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tẹ́ orúkọ tó ní àmì pupa síwájú wọn, mo sì tò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, tẹ́tánọ́ọ̀sì, báńdéèjì, ọgọ́rin lóṣù. Treasure na apá tirẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò. Àlàájà tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka náà sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ́.

Bàbá Akíndé mí kanlẹ̀. "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ọmọ yìí kò jẹ̀bi. Rauf, bẹ ìyàwó rẹ."

Rauf dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àlàájà fa Ruqoyah mọ́ra, ó ń kì í, ó ń sunkún. "Àjọkẹ́ mi, ẹni a jọ kẹ́ tí a kò gbọdọ̀ jọ kọ̀. Lọ́la la ó yọ ọ́! Lágbára Ọlọ́run, tó bá fi máa di irú oṣù yìí, a ó ti jẹ ìkómọ nínú ilé yìí."

"Lọ́la Àìkú ni, Mọ́mì mi," ni Rauf wí. "Ọjọ́ Ajé ló dáa. Mo mọ dókítà kan."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní háńdù mu," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn.

"Dókítà Fàlílù kì í gba àsìkò púpọ̀," èmi náà wí. "Kí ẹ sì bá mi tọ́jú nǹkan náà bí wọ́n bá yọ ọ́. Ẹ̀rí ni."

Ọ̀rọ̀ apá rẹ̀ ń lọ láti ẹnu dé ẹnu nínú pálọ̀ náà. Ruqoyah rọra yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Àlàájà. Ó kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin náà, Mọ́mì? Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí."

Ojú tì mí, kí n má parọ́. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń wá ẹni tí kò bi í léèrè. N kò wo ara mi.

"Ruqoyah," mo wí, "kí ni ìwọ fẹ́?"

Ó jókòó dáadáa sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí Bàbá Akíndé títí kan Rauf tó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó," ló wí.

Ife omi kan wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Ó mu ún tán, kò sì sí ẹni tó bá a wí.